Kánsẹ́lọ̀ Croombe, Ayùn àti Sọ́séèjì

Ní ìlú wa Tarrabeen, ní erékùṣù Tasmania, orúkọ tí ìyá ẹni sọ ẹni ni gbogbo ayé fi ń pe ẹni. Dókítà wa, Kit là ń pè é. Adájọ́ wa tó ti fẹ̀yìn tì, tó rán ìdajì àwọn ọmọkùnrin ìlú lọ sẹ́wọ̀n nígbà tó wà lórí iṣẹ́, Wal ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni àṣà yìí kò tẹ́ lọ́rùn, ẹni náà sì ni Desmond Croombe, igbákejì olórí ìlú, alága ìgbìmọ̀ ọ̀nà àti gọ́tà, alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin òdòdó róòsì, àti alága Ṣẹ́ẹ̀dì Àwọn Ọkùnrin. Bí o bá pè é ní Des lójú pópó, etí rẹ̀ á di lójijì. Bí o bá pè é ní Kánsẹ́lọ̀, á yíjú wẹ́rẹ́, á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ títí apá á fi ro ọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ṣe fún gọ́tà àdúgbò rẹ.

Ilé páànù ńlá kan ni Ṣẹ́ẹ̀dì yìí, lẹ́yìn pápá ìṣeré. Ibẹ̀ ni àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ti ń gé pákó, tí wọ́n ń mu tíì, tí wọ́n sì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ìyàwó wọn ló ń lé wọn wá síbẹ̀ láàárọ̀ kí ilé lè rójú. Ẹ má bi mí léèrè bí Croombe ṣe di alága ibẹ̀. Ọkùnrin náà kò mọ pákó yàtọ̀ sí páálí. Ṣùgbọ́n jíjókòó nípàdé ni iṣẹ́ alága, kò sì sí ẹlòmíràn nínú wa tó fẹ́ràn ìpàdé. Ìwà ọ̀lẹ wa ló gbé e gorí àga, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti Clarrie Nankervis, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Bí obìnrin kan bá bímọ ní Tarrabeen, Clarrie á ṣe àpótí ìjókòó kékeré kan fún ọmọ náà, á fín orúkọ ọmọ sí ojú rẹ̀, á sì gbé e lọ sílé wọn kí ọmọ tó mọ ìjókòó. Kò gba kọ́bọ̀ rí. Àwọn tó jókòó sórí àpótí Clarrie nígbà èwe ti ń bí ọmọ tiwọn báyìí, wọ́n sì ń retí àpótí.

Àfi bí ọwọ́ Clarrie ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lákọ̀ọ́kọ́, ife tíì nìkan ló ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, a sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ń ro tíì láìlo ṣíbí. Nígbà tó yá, ẹ̀fẹ̀ náà kò pa wá lẹ́rìn-ín mọ́. Ayùn oníná tó wà ní Ṣẹ́ẹ̀dì nígbà náà, ayùn àtijọ́ ni, tí bíléèdì rẹ̀ yọrí láàárín tábìlì láìsí ìbòrí kankan. Òun ló gé ìka Wal, adájọ́ wa, sọ nù lọ́jọ́ tó ń ṣe ilé ẹyẹ. Noreen, ìyàwó Clarrie, rí ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó ro ti ayùn náà, ó sì fi òfin de Ṣẹ́ẹ̀dì fún un.

"Tọwọ́ tẹsẹ̀ ni mo fẹ́ ọ, Clarrie," Noreen wí. "Tọwọ́ tẹsẹ̀ náà ni màá sì sin ọ́."

"Ta ló sọ fún ọ pé èmi ni màá kọ́kọ́ kú?"

"O ò rí ara rẹ nínú dígí ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni Clarrie ṣe di ẹni tó ń jókòó sílé, tó ń wo kíríkẹ́ẹ̀tì lórí tẹlifísàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, òun tí kò fẹ́ràn kíríkẹ́ẹ̀tì rí láyé rẹ̀. Ó ń rù. Kì í bá Noreen jà mọ́, èyí ló sì ba obìnrin náà lẹ́rù jù. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò gbà á mọ́, Noreen wọ bàtà, ó wá bá wa nípàdé. Ó ní òun ti gbọ́ pé irú ayùn kan wà tó mọ ẹran ara yàtọ̀ sí pákó. Bí ìka bá kan bíléèdì rẹ̀, bíréèkì kan á gbá bíléèdì náà mú, pàù, á sì rì wọnú tábìlì kí onítọ̀hún tó ṣẹ́jú. Ohun tó ń gé ènìyàn lọ́wọ́ á wá di ohun tó kàn ha á lára. Ó ní bí a bá ra irú ẹ̀, òun á dá Clarrie padà fún wa.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ayùn náà wọ́n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ayùn lásán. Bíréèkì rẹ̀ sì rèé, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti gbá bíléèdì mú, àti òun àti bíléèdì di ohun àkódànù, àfi kí a ra òmíràn kí ayùn náà tó lè tún ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní kí a ro owó náà dáadáa kì í ṣe òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n Croombe kò bá wa ro owó. Ọ̀rọ̀ ló sọ.

"Ẹ̀yin ọmọ Tarrabeen!" ó ké, bí ẹni pé a pọ̀ tó kún pápá ìṣeré, bẹ́ẹ̀ a kò kún bẹ́ǹṣì méjì. "Àwọn baba ńlá wa tó dojú kọ igbó kìjikìji yìí, tí wọ́n fi àáké lásán bi igi ṣubú, ǹjẹ́ bíréèkì wà lára àáké wọn bí? Ìfura! Ìfura ni bíréèkì ọkùnrin! Lọ́jọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í fowó ra ìfura ní ṣọ́ọ̀bù, kí ni ọmọ ènìyàn yóò tún máa fi orí rẹ̀ ṣe?"

"Háà! Ọ̀rọ̀ wúrà!" Trevor Spargo ló sọ bẹ́ẹ̀. Trevor ni akọ̀wé wa, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa pàtẹ́wọ́ kí Croombe tó parí gbólóhùn.

Wal na ọwọ́ sókè, ọwọ́ tí ìka kò pé yẹn. "Àwọn baba ńlá tí ò ń wí yìí, Des, mélòó nínú wọn ló kú tòun ti ìka mẹ́wàá?"

Croombe fèsì pé kí ó gba ọwọ́ akọ̀wé fi ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́, kí ó sì rántí pé Kánsẹ́lọ̀ ni òun. Ìpàdé tú. Noreen wọ bàtà rẹ̀ padà lọ sílé.

Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí bí kì í bá ṣe ti Osterly, ìlú tó múlé tì wá, tí Croombe kórìíra ju àìsàn lọ. Àwọn ará Osterly ra irú ayùn yìí sí Ṣẹ́ẹ̀dì tiwọn. Ìwé ìròyìn gbé àwòrán olórí ìlú wọn jáde, òun àti Mínísítà ìjọba jọ ń bọwọ́, ayùn láàárín wọn. Croombe ń jẹ búrẹ́dì yíyan lọ́wọ́ nígbà tó ṣí ojú ewé náà. Ìyàwó rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún wa pé búrẹ́dì náà bọ́ sínú tíì, tí ọkọ òun kò sì mọ̀ títí ó fi rọ̀ dànù.

Nípàdé tó tẹ̀lé e, ojú ọ̀run ti yí padà pátápátá.

"Láti ìgbà èwe mi," Croombe wí, ọwọ́ lórí àyà, "ìka ọmọ ènìyàn ló ń jẹ mí lógún. Mo máa ń jí lóru, kí n máa ro ìka yín. Àwọn kan wà, mi ò ní dárúkọ, tí wọ́n ní kí á máa lo ìfura. Ìfura kẹ̀? Ìfura tí kò ní bíréèkì! Èmi, Desmond Croombe, mo ṣetán láti ki ìka ara mi yìí, ìka tí mo fi ń tọwọ́ bọ òfin ìlú, sẹ́nu ayùn náà níwájú gbogbo ayé!"

Trevor pàtẹ́wọ́ débi pé aago bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìka yìí dùn mọ́ Croombe lẹ́nu gan-an. Ó sọ ọ́ ní ilé búrẹ́dì. Ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìwàásù. Ó sọ ọ́ níbi ìsìnkú àbúrò Noreen, nígbà tí wọ́n ń gbé àpótí òkú sọ̀kalẹ̀. Níbikíbi tí ènìyàn méjì bá ti dúró, Croombe á na ìka náà sókè, á sì fi ṣe ẹ̀jẹ́.

Ìjọba bá wa dá owó ayùn. Àwa ọmọ Ṣẹ́ẹ̀dì la máa wá owó àwọn bíréèkì àfipamọ́, ọ̀nà tí gbogbo ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ wa sì ń gbà wá owó la gbà: a gbé ààrò gáàsì lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti ọ̀dà, a sì ń dín sọ́séèjì fún àwọn oníbàárà lópin ọ̀sẹ̀. Òjò pa wá, èéfín wọ̀ wá lójú, òróró ta sí wa lọ́wọ́. Noreen ló ń gé àlùbọ́sà. Clarrie ń gba owó, nítorí ọwọ́ gbígbọ̀n kò dí owó gbígbà lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rẹ́rìn-ín láti ìgbà tó ti fi Ṣẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. A ra ayùn, a ra bíréèkì, a tò wọ́n sórí pẹpẹ, a sì rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ayùn dé tán ni Croombe pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi gé igi kankan àfi lẹ́yìn tí Mínísítà bá ti wá ṣí i. Ó ní ayùn tí a kò tíì ṣí kò tíì di ayùn. Clarrie wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú tábìlì rẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni Mínísítà ń bọ̀?" ó bi Croombe.

"Ọjọ́ tí àyè bá gba Ọlọ́lá jùlọ. Fi sùúrù sí i, Clarrie. Ohun ńlá kì í ṣe ohun ìkánjú."

"Ọmọ Kit ti ń rá kòrò, ọ̀gá. Kò ní àpótí."

"Yóò jókòó sórí ìtàn!" Croombe wí. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n Trevor kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwa kò gbọdọ̀ gé igi, ṣùgbọ́n Kánsẹ́lọ̀ lè gé sọ́séèjì. Ṣé ẹ mọ̀ pé sọ́séèjì ni wọ́n fi ń dán ayùn yìí wò fún àwọn ènìyàn? Ẹran ni, ayùn kò sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìka. Croombe ní òun ní láti fi ṣe ìdánrawò kí ọjọ́ ńlá tó dé. Ó wọ kóòtù, ó fi sọ́séèjì kan sórí pákó, ó tì í lọ sẹ́nu bíléèdì. Pàù! Bíléèdì pòórá sínú tábìlì. Sọ́séèjì wà níbẹ̀ gbọnyin, ojú ibi tí ó ha kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Gbogbo wa pariwo "Háà!"

"Háà" yẹn ló ba Croombe jẹ́. Mo rí i lójú rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tó ti ń sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn, kò tíì sẹ́ni tó ṣe háà fún un rí láìjẹ́ pé ó ń yán.

Ló bá tún ṣe é fún olórí ìlú. Ó tún ṣe é fún Trevor, nítorí Trevor di ojú níjọ́sí, kò sì bójú mu kí akọ̀wé má rí i. Ó ṣe é fún oníwèé ìròyìn, ẹni yẹn ya ẹ̀gbẹ́ òsì ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló dára jù, ló bá tún un ṣe. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ wá láti Melbourne, ó ṣe é fún òun náà. Ìgbàkígbà tó bá dún pàù, bíréèkì kan àti bíléèdì kan ti lọ nìyẹn. A jókòó sínú òjò, a ta sọ́séèjì láti fi ra bíréèkì, Croombe sì jókòó sábẹ́ òrùlé, ó ń fi bíréèkì náà gba sọ́séèjì là.

"Des," Wal wí, "o mọ̀ pé nítorí ọwọ́ Clarrie la ṣe ra àwọn nǹkan wọ̀nyí?"

"Kánsẹ́lọ̀! Ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́ àwọn ará ìlú, Wallace. Ìwọ kò mọ iyì ẹ̀kọ́."

Ọ̀sẹ̀ tí Mínísítà ń bọ̀, a wo orí pẹpẹ, ó ṣófo. Bíréèkì kan ṣoṣo ló kù láyé, èyí tó wà nínú ayùn fúnra rẹ̀. Kò sì sí àkókò láti ta sọ́séèjì mọ́.

Ọjọ́ ńlá dé. Wọ́n ta aṣọ gbàgàdà kan sójú páànù, àwòrán Croombe ló wà lára rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ètò ọjọ́ náà ni pé Clarrie ni yóò kọ́kọ́ gé pákó àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí àgbà káfíńtà ìlú, lẹ́yìn náà ni Mínísítà yóò ti sọ́séèjì sẹ́nu ayùn. Pákó tí Clarrie máa gé, ẹ gbọ́ o, kì í ṣe pákó yẹpẹrẹ. Croombe ní kí wọ́n bẹ́ igi tí òun gbìn síwájú ilé ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ wọlé ìbò. Ó fẹ́ kí igi òun ni ayùn náà kọ́kọ́ fi ẹnu kàn. Wọ́n bẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ náà gan-an. Omi ṣì ń jáde lára rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e wọlé láàárọ̀.

Trevor fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ yí padà. Òun àti Croombe nìkan ló wà níbẹ̀, òun ló sì jẹ́wọ́ fún wa lẹ́yìn náà. "Ọlọ́lá, pákó yìí tutù o. Ẹni tó ta ayùn fún wa ní bí pákó bá tutù, bíréèkì á rò pé ẹran ara ni. Pàù ló máa ṣe."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Bíréèkì tó kù nìyẹn á lọ sórí pákó. Kò ní sí ti sọ́séèjì Mínísítà. Ẹ jẹ́ ká mú pákó gbígbẹ. Ó pọ̀ lẹ́yìn ilé."

"Pákó gbígbẹ?" Croombe wò ó bí ẹni tó gbọ́ èébú. "Nínú ètò tí a pín fún gbogbo ènìyàn, kí ló wà níbẹ̀? 'Igi tí Kánsẹ́lọ̀ Croombe fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn.' Ṣé o fẹ́ kí n purọ́ fún ìjọba ni?"

Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn náà, tí ènìyàn lè fi pa bíréèkì nígbà tó bá fẹ́ gé pákó tútù. Bí bíréèkì bá wà lẹ́nu iṣẹ́, iná kan á máa tàn níwájú rẹ̀, àwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá pa á, iná náà á di pupa. Croombe yí kọ́kọ́rọ́ náà. Iná di pupa. Ó bọ àpò, ó yọ ọ̀kan nínú àwọn sítíkà tó ṣe fún ayẹyẹ, tó ní àwòrán ojú ara rẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iná náà.

"Ọwọ́ Clarrie ńkọ́, Ọlọ́lá?" Trevor béèrè.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa gé e. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń gé pákó. Bó bá ti ṣe tán, màá yí i padà fún sọ́séèjì."

Trevor lọ to àga.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wò ó dáadáa kí a tó máa lọ. Ọkùnrin yìí pa bíréèkì fún ọwọ́ ènìyàn, ó sì ń gbèrò láti tan án padà fún sọ́séèjì. Mo ti ń fi í rẹ́rìn-ín láti òkè wá, ṣùgbọ́n níbí yìí, inú bí mi, ó sì ń bí mi títí dòní.

Àwọn ènìyàn kún Ṣẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà. Òórùn àlùbọ́sà díndín gba gbogbo ibẹ̀. Mínísítà dé, Gaynor Haslock ni orúkọ rẹ̀, obìnrin tó yára rìn, tó sì ń wo aago. Croombe dìde sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ènìyàn kọ́kọ́ mọ òkúta í pọ́n. Ó dé orí irin, ó dé orí àáké, ó kọjá sí gọ́tà àdúgbò wa, ó wá padà sórí ìka. Ọmọ Kit sùn, ó jí, ó tún sùn. Níkẹyìn ó na ọwọ́ sí Clarrie.

Clarrie ti wọ táì. Ojú ènìyàn púpọ̀ mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọ tuntun. Ó di pákó náà mú. Bí ó ti fẹ́ tẹ bọ́tìnnì ni Noreen dìde lórí àga.

"Ẹ dúró ná. Des, ṣé nǹkan yìí dájú?"

"Ìyáàfin Nankervis, ó dájú ju ilé ìfowópamọ́ lọ!"

"Ó dáa. O sọ ọ́ fún wa ní ilé búrẹ́dì. O sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. O sọ ọ́ lórí sàréè àbúrò mi pé ìka rẹ lo máa fi dán an wò. Ọkọ mi ló fẹ́ fi ọwọ́ sí i yìí. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ fi tìrẹ sí i."

Ẹ̀rín bú. Ẹnì kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé e, "Ìka! Ìka!" Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi gbà á, "Ìka! Ìka! Ìka!" Mínísítà gan-an rẹ́rìn-ín, kò sì wo aago mọ́.

Òógùn bo Croombe. Ó na ìka náà, ó wò ó, ó ká a kò. "Ẹ̀yin ará ìlú mi ọ̀wọ́n," ó wí, "ìka aláṣẹ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Dúkìá ìjọba ni. Mi ò lè déédéé fi dúkìá ìjọba wewu láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Ó yẹ kí á kọ́kọ́ jíròrò..."

"Ẹ fi ọkùnrin náà sílẹ̀ jàre," Clarrie wí. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe é. "Ẹ̀rù ń bà á ni, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹ̀rù ò bà mí. Noreen, jókòó." Ó tẹ bọ́tìnnì.

Ayùn bú ramúramù. Clarrie ti pákó síwájú. Pákó tútù máa ń wú mọ́ bíléèdì, kì í lọ geere, ó sì ní láti fi agbára tì í. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gbọ̀n lórí pákó náà, ó ń yọ̀ lójú omi, ó ń sún mọ́ bíléèdì díẹ̀díẹ̀. Kò fà á sẹ́yìn. Kí ló máa fà á sẹ́yìn fún? Wọ́n ti sọ fún un pé ayùn náà mọ̀ ọ́n.

Croombe rí ọwọ́ náà. Mo mọ ohun tó kọ́kọ́ rò, nítorí mo rí i tó wo sọ́séèjì nínú àwo. Lẹ́yìn náà ó wo oníwèé ìròyìn. Lẹ́yìn náà ló tún wo ọwọ́ Clarrie, ọwọ́ náà sì ti súnmọ́ bíléèdì jù.

"Clarrie, má ṣe é!" ó ké. "Mo ti pa bíréèkì!"

Wal fi ẹsẹ̀ gbá bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa ayùn. Bíléèdì yí lọ, ó yí lọ, ó dúró. Kò kan ọwọ́ Clarrie. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Desmond Croombe sọ láti ọjọ́ tó ti gorí oyè, èyí nìkan ni mo gbọ́ tó kúrú, tó sì jẹ́ òótọ́. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lẹ pa?" Mínísítà béèrè.

"Bíréèkì."

"Nítorí kí ni?"

Croombe wá ọ̀rọ̀ ńlá, kò rí. Ó wo Trevor, Trevor ń wo bàtà ara rẹ̀. "Nítorí sọ́séèjì ni," ó wí.

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó rí ojú Noreen, ó gbé ẹ̀rín mì. Noreen rìn lọ síbi ayùn, ó fi èékánná ṣí sítíkà náà kúrò, iná pupa sì ń tàn sí gbogbo wa lójú. Ó wá di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ méjèèjì mú. Kò pariwo.

"Ọwọ́ yìí ni mo gbé wá fún ọ, Des," ó wí. "Mo gbà ọ́ gbọ́." Ó sì mú Clarrie lọ sílé.

Mínísítà kò jẹun kó tó lọ. Àwòrán tó jáde lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbẹ́ òsì ojú Croombe ló wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, àwo sọ́séèjì wà níwájú rẹ̀. Àwọn ará Osterly gé e, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ Ṣẹ́ẹ̀dì tiwọn. Ìgbìmọ̀ ìlú gba igbákejì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà, wọ́n gba gọ́tà. Àwọn olódòdó róòsì pẹ́ díẹ̀ nítorí àwọn náà kò fẹ́ràn ìpàdé, ṣùgbọ́n wọ́n lé e. Kí oṣù tó parí, Trevor ti rí ẹlòmíràn tó ń pàtẹ́wọ́ fún. Lójú pópó, ní ilé búrẹ́dì, lẹ́nu àgbà àti ọmọdé, kò sí Kánsẹ́lọ̀ mọ́. Des ni. Bó bá sì ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́, wọ́n á tún un pè kíkankíkan, wọ́n á sì bi í bóyá sọ́séèjì wà ní àlàáfíà.

Nígbà tí a tún gbé ààrò lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù láti wá owó bíréèkì, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nínú òjò láìsọ̀rọ̀. A wo ara wa. Wal ló gbé ọ̀bẹ àlùbọ́sà lé e lọ́wọ́. A kì í lé ènìyàn ní Ṣẹ́ẹ̀dì, ìyàwó wọn ni kò ní gbà wọ́n padà.

Clarrie kò wá fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó sì wá, Noreen tẹ̀lé e. Ó jókòó ti ayùn náà pẹ̀lú ohun tó ń hun, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára iná aláwọ̀ ewé yẹn. Ọmọ Kit gba àpótí rẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn gbà tiwọn. Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú, tí a ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, tí a gbọ́ ọ.

Pàù!

Clarrie dúró síwájú ayùn, bíléèdì ti pòórá. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ìka pé. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà létí àtàǹpàkò, kò tó èyí tí ẹ̀gún róòsì máa fà. Noreen ti dìde, ohun tó ń hun ti já sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì sunkún bí mi ò ṣe rí àgbà obìnrin sunkún rí, pẹ̀lú ariwo, láìbo ojú.

Wal tẹ̀ wo inú ayùn. "Bíréèkì ti lọ," ó wí jẹ́jẹ́. "Bíléèdì náà ti lọ."

Nígbà náà ni Des hú ikọ́ ní igun tó wà. Ó ti àyà síwájú, ó gbé ìka kan sókè, ẹnu rẹ̀ ti ń là.

"Des," Noreen wí láìgbé orí sókè, "lọ gbé omi tíì kaná."

Ó pa ẹnu dé. Ó lọ.